Wọ́n Lọ Wo Bàálù

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa láti Challenge lọ sí Adéwọlé ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin méjì tó jókòó tì mí, Àlhájà kan tó wọ góòlù, àti ìyàwó ilé kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

“Ibo lo wá kó àwọn ọmọ ẹ lọ ní họ́lídé yìí?”

“Ẹ̀yìn wáyà pápá bàálù ni, Àlhájà. A sun àgbàdo dání láti ilé, a jókòó sórí koríko, a ń wo bàálù bó ṣe ń balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.”

Àlhájà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá tò sẹ́yìn wáyà bí ewúrẹ́ tó ń wo ẹ̀gẹ́ tí ẹnu ẹ̀ ò tó! Ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ni àwọn ọmọ tèmi lọ o.”

Ewúrẹ́ kẹ̀! Inú bí èmi tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

“Máṣàálàhù,” ni ìyàwó náà wí. “Kí ló dùn mọ́ wọn jù níbẹ̀?”

“Èmi ò mọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló kó wọn lọ.”

Ìyàwó náà rọra tún híjáàbù ẹ̀ ṣe.

“Òótọ́ lẹ sọ, Àlhájà, ewúrẹ́ ni mí. Ewúrẹ́ kì í gba ọmọ ọ̀dọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ń kó ọmọ ẹ̀ jẹ̀.”