Mo Bèèrè Bóyá Ó Máa Gbé E, Mi Ò Bèèrè Bó Ṣe Máa Pẹ́ Tó

Ẹ bá mi dúpẹ́ kí n tó jẹ́wọ́, nítorí ẹni tó bá mọ inú rò ni í mọ ọpẹ́ dá. Bàbá Fẹ́mi, ọkọ mi, wà láàyè. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ó wà ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn àná, ó sì ń bá a jiyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi ní kíṣìnì, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n bí inú mi bá ti dùn báyìí tán, ojú a tún gbà mí tì, torí pé èmi tí gbogbo ìjọ wa ní Ìpẹ̀rú ń pè ní aya rere, èmi náà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa á. Kì í ṣe májèlé ni mo fún un jẹ. Àpótí iná ni mo rà fún un.

Tíṣà ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀dọ̀fóró ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní kó máa lo ẹ̀rọ atẹ́gùn, ẹ̀rọ kan tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, tí rọ́bà tín-ín-rín ti ara rẹ̀ wọ imú. Ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lọ́sàn-án, àti nígbàkígbà tí èémí rẹ̀ bá ń já. Iná ló sì ń mú ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí iná wa ṣe rí. Bí a bá sì tan jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ á tún dá kún àìsàn. Ìdí nìyẹn tí Fẹ́mi, ọmọ wa tó wà lókè òkun, fi ní ká ra àpótí iná, irú báàtìrì ńlá tó ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi gbé e. Bí iná bá wà, á gba iná sára. Bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ ó ki wáyà bọ̀ ọ́, á sì máa ṣiṣẹ́ láìpariwo, láìsí èéfín.

Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Bàbá Tóyìn ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe láti ìlú dé ìlú. Ó ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, ó yọ gbogbo àga inú rẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó gbé sítóòfù, fáànù àti fìríìjì kékeré sí i. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ló ń sùn. Bí iṣẹ́ ò bá sí, á wá gbé bọ́ọ̀sì náà sórí ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, níbi tí ìpìlẹ̀ tó ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ti di igbó. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Onílé-Táyà. Orúkọ náà dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi nínú ìjọ, wọ́n sì gbà á lẹ́nu mi.

Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ lọ ra àpótí iná, ó dá mi dúró lẹ́nu géètì. "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó ní. "Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ó máa gbé e o. Alábàárù náà máa gbé ẹrù yín, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà ọjà ló ti máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló máa fi gbé e. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ Bàbá, wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí pépà, kẹ́ ẹ mú un dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè tẹ̀ lé yín."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mo ti gbọ́." Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń sọ pé, ẹ wá wo ẹni tí kò ní òrùlé tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan iná sílé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ ọgbọ́n ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni mo lọ sí Ṣàgámù.

Oríṣiríṣi ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Ọ̀kan tóbi, kò lẹ́wà, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gbé e kúrò nílẹ̀. Èkejì kéré, ó ń dán, ó ní tọ́ọ̀ṣì níwájú, ó ní rédíò. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e bí ẹni gbé báàgì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á pé, "Ṣé ó máa gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn?" Ó ní, "Ó máa gbé e, Mọ́mì. Fìríìjì gan-an, ó máa gbé e." Kò parọ́ fún mi o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo bi í ló dáhùn. Bí àwa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: bí iná bá ti lè mú nǹkan ṣiṣẹ́, a ní ó gbé e, ọ̀rọ̀ parí. Bó ṣe máa pẹ́ tó, ta ló ń bèèrè?

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí òjò ńlá kan rọ̀, tí tiransifọ́mà àdúgbò wa sì bú gbàmù. Iná lọ. Mo fi ìgbéraga gbé àpótí mi jáde, mo ki wáyà ẹ̀rọ ọkọ mi bọ̀ ọ́. Ó gbé e. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹja tútù tó kún fìríìjì, mo sì rántí pé ọmọbìnrin yẹn ní ó máa gbé fìríìjì. Mo fa wáyà fìríìjì wá, mo ki òun náà bọ̀ ọ́. Ó gbé méjèèjì. Mo yin ara mi, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ aṣọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pín èémí ọkọ mi fún ẹja.

Mi ò tíì fọ aṣọ náà dé ìdajì tí mo fi gbọ́ ohùn kan, fíì, fíì, láti inú ilé. Mo rò pé fóònù ni, mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí mo wọlé wá mú ọṣẹ, gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Iná àpótí ti tán, ẹ̀rọ ti kú; igbe rẹ̀ ni mo pè ní fóònù. Ọkọ mi di apá àga mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó ń wò mí, kò lè pè mí. Láti ìgbà wo ló ti ń gbìyànjú láti pè mí? Ìbéèrè yẹn kò tíì fi mí sílẹ̀.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. "Bàbá Tóyìn! Bàbá Tóyìn, ẹ gbà mí o!" Ó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ń di nọ́ọ̀tì kan. Bó ṣe rí ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé àpótí iná tirẹ̀ jáde nínú bọ́ọ̀sì, irú èyí tí mo kọ̀ ní Ṣàgámù gẹ́lẹ́, ó gbé e lé èjìká, ó sáré tẹ̀ lé mi. Ó rí wáyà fìríìjì lára àpótí mi. Ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó fà á yọ, ó sì tì í sẹ́yìn àga kí ọkọ mi má bàa rí i. Lẹ́yìn náà ló ki ẹ̀rọ atẹ́gùn bọ tirẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ fi imú fà á. Ẹ má kánjú." Kò dìde títí ètè ọkọ mi fi padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni iná kò fi sí. Bí ọkọ mi bá ń sinmi kúrò lára ẹ̀rọ, Bàbá Tóyìn á gbé àpótí náà padà sínú bọ́ọ̀sì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń fún un níná bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Á wakọ̀ lófìfo láti Ìpẹ̀rú dé Ìkẹ́nnẹ́, á sì padà, láìsí iṣẹ́ kankan tó ń lọ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ń sùn nínú ooru láìsí fáànù. Àwọn ará ìjọ tó wá kí wa rò pé èmi ni mo ni àpótí ńlá náà, wọ́n ní mo ṣe bẹbẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Lọ́jọ́ tí iná dé, mo se ìkọ́kọrẹ́, mo gbé e lọ bá a nídìí bọ́ọ̀sì, mo sì kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó yára gbé mi dìde. Nígbà tí ara wá rọ̀ wá, mo bi í pé níbo ló ti máa ń gba iná sínú àpótí náà bí kò bá rìnrìn àjò. Ó ní ilé àǹtí òun ni, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù lọ́hùn-ún.

Mo ní, "Nígbà tí ilé wa wà níbí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fa wáyà wá sọ́dọ̀ wa?"

Ó wolẹ̀. "Mo bèèrè nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, Màmá. Wọ́n ní ilé àwọn kì í ṣe ilé epo."

Inú bí mi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Wáyà rẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé kíṣìnì wa báyìí. A ti ra àpótí ńlá tiwa, Bàbá Tóyìn ló tẹ̀ lé mi lọ, a gbé ẹ̀rọ ọkọ mi dání, a sì dán an wò lójú àwọn tó ń tà á títí ó fi sú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ fìríìjì, bí mo bá kọ eléyìí tán, màá lọ sọ ọ́ fún ọkọ mi. Kò ní lè yọ ọkàn mi lẹ́nu mọ́. Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí. Mo ti ronú, mo ti gbàdúrà, mi ò rántí ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn wá tọrọ iná lẹ́nu géètì mi. Ó rántí, ó sì ru iná tirẹ̀ wá. Báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì ohun tí èèyàn ò rántí pé òun ṣe?