Ọkọ̀ Ìgbòkun Tí Mo Bá Raymond Yàn

Ìyàwó wa, má fi ojú yẹn wò mí mọ́! Ṣé èmi ni mo ní kí afẹ́fẹ́ yí ni? Ṣé èmi ni mo fi igi gba ọkọ rẹ léjìká? Igi tí wọ́n ta ìgbòkun mọ́ nísàlẹ̀ ló fì wá, mo pariwo pé, “Raymond, tẹrí ba!” ó ní, “Kí ni?” gbàù! Egungun dá. Láti ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ilé yìí ti ń dá mi lóhùn bí ẹni tó jí ẹran ọdún jẹ.

Mi ò jókòó! Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọkọ rẹ ló pè mí, àbí mo purọ́? Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó fi oṣù méjì péré kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí ọ̀sà! Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Bámidélé, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun láti Dákà dé Lùáńdà, ẹ bá mi yan èyí tó yẹ mí.” Òyìnbó Faransé kan tó ń padà sílé ń ta méjì. Ọ̀kan kéré, kò ní yàrá. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ọwọ́ kan lèèyàn á fi tú okùn, ìgbòkun á bọ́ sílẹ̀, ó parí. Èkejì gùn bí ilé, géńdé mẹ́ta ni ìgbòkun rẹ̀ ń fẹ́.

Raymond fúnra rẹ̀ nawọ́ sí kékeré! Mo fi orí ìyá mi búra! Èmi ni mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọmọ Àgùdà! Bàbá ńlá rẹ la òkun láti Bàhíà wá síbí, ìwọ fẹ́ wọ ọpọ́n ìfọṣọ? Kí ni wọ́n á sọ lẹ́yìn mísà?” O mọ àwọn àna rẹ, àwọn tó gbé àwòrán ọkọ̀ kọ́ ga ju ti Màríà lọ ní pálọ̀. Ibi tó ń dun ọkọ rẹ ni mo tẹ̀. Ó fi kékeré sílẹ̀.

Kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀? Háà.

Ìyàwó wa, ṣé o ti sùn sẹ́yìn kọ̀ntéénà rí? Ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin bíi tèmi? Láti Godomey dé ẹnu èbúté, ibo ni mi ò tíì tẹ́ páálí sí? Mo yọjú wo inú ọkọ̀ ńlá yẹn, mo rí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì onífóòmù! Mo mọ̀ pé Raymond á ní kí n máa bá òun ṣọ́ ọkọ̀ náà. Ó sì ní bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni mo yàn, mi ò yan ọkọ̀. Àní láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti wà nílé ìwòsàn, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mò ń sùn, oorun náà sì ń dùn. Ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́ jù.

Ó ti ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé bí èjìká bá jinná, òun nìkan á wà á dé Lomé, pé Ẹ̀gbọ́n Bámidélé ò lè yan ọkọ̀ tí agbára òun ò ká. Á kú sínú omi!

Pa iná ọbẹ̀ yẹn. Wọ bàtà, ká jọ lọ, kí n fẹnu ara mi sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì ni mo yàn, kó ta ọkọ̀ náà. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé. Bó o bá sì rí i pé mo fẹ́ sá lẹ́nu ọ̀nà, má wo ewú orí mi: gbá mi láṣọ mú, wọ́ mi wọlé!