Ohun tí Tòún rí lẹ́nu Mùtàlíbù

Ẹ má ní kí n jókòó, Bùrọ̀dá Kazeem! Mi ò jókòó! Ṣé tíì ni mo wá mu láti ilé wa ní Tyrrelstown dé ọ̀dọ̀ yín ní Clondalkin nínú òjò yìí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú àbúrò yín wá sílé wa? Ẹ̀yin lẹ ní Mùtàlíbù ò ka ti etí Tòún sí, pé ó máa tọ́jú àbúrò mi bí ẹyin. Bí ẹyin kẹ̀!

Fíìmù ló ní òun fẹ́ mú un lọ wò, fíìmù ìfẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́, èyí tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ẹnì kan á kàn máa tẹ dùùrù nísàlẹ̀. Inú Tòún dùn débi pé ó lọ dirun ní Moore Street! Látìgbà tí àìsàn ti mú etí ẹ̀ lọ ní kékeré, ìgbà wo ló jókòó sí sinimá tí kò sí ẹni tó fi gbígbọ́ jù ú lọ? Ó ní nínú fíìmù náà, obìnrin afọṣọ kan ń dúró de sójà tó fẹ́ ẹ, òun ń sunkún, inú òun sì ń dùn.

Ni yìnyín bá ń bọ́ nínú fíìmù, gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ báláú. Tòún yíjú sí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ kó rẹ́rìn-ín sí i. Mùtàlíbù ti kọjú sí Waris ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kò bo ẹnu. Ta ló ń bo ẹnu fún adití? Kò mọ̀ pé Tòún máa ń ka ètè, Yorùbá o, Gẹ̀ẹ́sì o! Ẹ mọ nǹkan tó rí? “Ọmọ yẹn ni mo fẹ́, kì í ṣe ìyá ẹ̀. Ibí ni wọ́n bí Jọmílójú sí, òun ló máa jẹ́ kí n rí ìwé ìgbélùú gbà. Tí a bá ti so yìgì tán, màá gbé e lọ. Kí ìyá ẹ̀ máa pariwo, ta ló máa gbọ́?”

Ta ló máa gbọ́! Ọmọ Tòún tí bàbá ẹ̀ kú kó tó rìn!

Kí lẹ wí? Àwàdà? Kí ló wá gbé aláwàdà dé ilé ìwé ọmọ lánàá, lẹ́yìn tí Tòún ti dá òrùka ẹ̀ padà? Ó sọ fún tíṣà pé òun ni bàbá Jọmílójú, òun wá mú un. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ náà di tábìlì mú, ó ní, “He's not me da!”, pé kì í ṣe bàbá òun. Kí n tó débẹ̀, Mùtàlíbù ti sá lọ. Látìgbà náà ni mọ́tò kan ti ń wá sí iwájú ilé wa, á dúró, á paná, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀ kalẹ̀. Tòún ò lè gbọ́ ìró ẹ̀, ojú fèrèsé ló wà láti àná, kò jẹun, kò sùn, ó gbá ọmọ mọ́yà.

Wallahi, mi ò wá jà. Ẹ sáà pè é níwájú mi, ẹ sọ fún un pé tó bá tún fẹsẹ̀ kan àdúgbò wa, ọlọ́pàá ló máa bá níbẹ̀. Ẹ pè é! Kí lẹ ń wolẹ̀ sí? Ó dáa, èmi á pè é fúnra mi.

Ìpè náà ń lọ.

Bùrọ̀dá Kazeem, fóònù ta ló ń dún nínú yàrá yẹn?

Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.