Nọ́jímù Tó Ta Áàpù Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́hun, lọ́kùnrin lóbìnrin, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí tí ẹ bá wa jókòó lábẹ́ àtíbàbà yìí, ọ̀rọ̀ àdájẹ ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnì kan ṣoṣo gbá gbogbo ọjà mọ́ra, kó má jẹ́ kí ẹlòmíì tà, kó má jẹ́ ká rí ibòmíì rà, hàrámù ni. Ẹni tó dá a jẹ jẹ̀bi. Ẹni tó ta tirẹ̀ fún un ńkọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́tí sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìwó, Nọ́jímù lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́. Ó rí i pé bí aláboyún bá nílò ẹ̀jẹ̀, ẹbí á máa sá kiri ìlú bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ló bá ṣe áàpù kan sórí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe sàráà á forúkọ sílẹ̀, á sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Bí wàhálà bá dé, fóònù àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá a mu nítòsí á dún. Káfíńtà á ju òòlù sílẹ̀, tíṣà á kúrò ní kíláàsì, wọ́n á lọ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lẹ́jẹ̀. Kọ́bọ̀ kan, Nọ́jímù kì í gbà.

Ní Ìbàdàn, Alhaji Ṣèfíù ní áàpù ńlá tó ń jẹ́ Ìwòsàn Gbogbo. Ọ̀fẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn wọ inú rẹ̀, ilé oògùn wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó tilẹ̀kùn: ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ òun kò gbọdọ̀ lo ti ẹlòmíì. Áàpù kékeré tó bá yọjú, á rà á. Ṣé kó lè lò ó ni? Rárá o! Kó lè pa á ni.

Ó ránṣẹ́ pe Nọ́jímù. "Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ wù mí. Tà á fún mi, a ó jọ sọ ọ́ di ńlá."

Hàfúsátù, ìyàwó Nọ́jímù, ní, "Bàbá Bàṣírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹni tó ń ra gbogbo kànga ìlú, ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́?"

Nọ́jímù rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá kọ̀, á ṣe irú ẹ̀, á sì fi lé mi kúrò lọ́jà. Ìgbà náà ńkọ́?"

Ó tọwọ́ bọ̀wé. Àdéhùn ní kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́, wọ́n pa áàpù náà. Bánkì tí Alhaji fi ń ta ẹ̀jẹ̀ lórí Ìwòsàn Gbogbo nìkan ló kù, iye tó bá sì wù ú ló ń pè é.

Ìjọba ní òfin tó ní kí ilé iṣẹ́ kan má dá ọjà jẹ. Wọ́n gbé Alhaji lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ ń lọ, ẹjọ́ ń bọ̀, àwọn lọ́yà rẹ̀ ń bẹ adájọ́ kó sún un síwájú.

Orí ẹ̀ ni wọ́n wà tí Hàfúsátù fi rọbí, ọ̀sán gangan. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Dókítà ní, "Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. A ti béèrè lórí Ìwòsàn Gbogbo. Wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn."

Nọ́jímù ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó ní in ní Ìwó níbí ni?"

"Ó lè wà, ọ̀gá. Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n? Áàpù tó ń sọ fún wa tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ín ti tà á."

Dókítà kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Subuhanaláì! Nọ́jímù sá wọ gáréèjì, ó ń ké bí ọmọdé. Àwọn awakọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè. Kò sí ọ̀kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a mu.

Hàfúsátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá Bàṣírá, òtútù ń mú mi."

"Ẹ̀jẹ̀ ti wà lọ́nà."

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé, wọ́n ti bò ó lójú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Mùkáílà wá kí wọn. Ó ní, "Bùrọ̀dá Nọ́jímù, irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni tèmi. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Fóònù mi kò dún."

Adájọ́ dájọ́ níkẹyìn: Alhaji jẹ̀bi. Ó san ìtanràn, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Adájọ́ tún fagi lé àdéhùn yẹn, ó ní kí Nọ́jímù máa ṣe áàpù rẹ̀ padà. Ó ṣe é. Ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà. Ó dé ọ̀dọ̀ Mùkáílà. Mùkáílà dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ ti tà wá lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òfin dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ikú ò sì í dúró dè é. Ẹni tó bá ń gbá gbogbo ọjà mọ́ra, kó rántí pé kò sí lọ́yà lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ìwọ tí Ọlọ́hun sì fi ohun tí ẹ̀mí àwọn ènìyàn rọ̀ mọ́ sí lọ́wọ́, àmánà ni, ohun tí a fà lé ọ lọ́wọ́ pé kí o ṣọ́. Má tà á fún adánìkanjẹ.

Ọlọ́hun, ọ̀nà ti há mọ́ wa. Fi èyí tó tọ́ hàn wá nígbà tí ó ṣì lè ṣe wá láǹfààní. Foríji àwọn tí wọ́n kú nítorí ojúkòkòrò wa, má sì jẹ́ ká di ẹni tí a ò lè gbà gbọ́ mọ́. Àmín.