Káàdì Dúdú àti Ojú Ìyá Mọ̀núrù

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Mọ̀núrù, bá mi pa fáànù yẹn, ariwo ẹ̀ ò ní jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́ mi dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ jẹ́ ó tutù. Láti ìdúnta ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun, tí mo ń jẹun lé e, tí mo ń mu omi lé e, tí mo ń bá yín ṣàwàdà nínú ilé yìí bíi pé kò sí nǹkan kan. Lónìí, n ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Tí mo bá sọ ọ́ tán, tí ẹ ní kí n kó ẹrù mi jáde, mi ò ní bá yín jiyàn. Ìwọ tó ò ń tẹ fóònù lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, gbé e sílẹ̀.

Nítorí àwọn ìyàwó tuntun tó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Inú agboolé yìí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ni wọ́n bí èmi Ganiat sí. Màmá mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Ìyá Mọ̀núrù tó jókòó sórí àga yìí ló gbà mí tọ́. Abọ́ kan náà ni èmi àti Mọ̀núrù fi jẹun dàgbà. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́, pé mò ń kó èèyàn lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà, Ìyá ló bá mi wá ọ́fíìsì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Igbosere, lábẹ́ ilé àwọn lọ́yà. Onílé ò fẹ́ gbà, àfi ìgbà tí Ìyá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò ní dìde. Ẹni tí mo ṣe é sí nìyẹn o. Kì í ṣe ará ọ̀nà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Qaanitah, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Marina. Báńkì a máa rán an káàkiri ayé, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan sì wà, ẹnì kan náà ló ni wọ́n níbi gbogbo, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń dé sí. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn máa ń ka iye òru tí oníbàárà bá lò lọ́dọ̀ wọn lọ́dún. Tó bá pọ̀ díẹ̀, wọ́n á fún un ní káàdì fàdákà. Tó bá tún pọ̀ sí i, káàdì wúrà. Tó bá wá pọ̀ ju èyí tí ọmọlúàbí èèyàn lè sùn nílé onílé lọ, káàdì dúdú. Lọ́dún tuntun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí òfo. Èmi àti Qaanitah jọ lọ sí Dubai nígbà kan. A wọlé, wọ́n pè é lórúkọ, wọ́n gbé dàbínù àti kọfí wá bá a, wọ́n mú un lọ sí yàrá tó tóbi ju èyí tó sanwó ẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń kó rẹpẹtẹ èèyàn wọ òtẹ́ẹ̀lì lọ́dọọdún, wọ́n ní kí n ṣì dúró ná, wọn ò tíì gbálẹ̀ yàrá mi. Mo jókòó sórí àpótí ẹrù mi níbẹ̀. Ó dùn mí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbàlagbà obìnrin, mò ń jowú nítorí dàbínù.

Nígbà tí a padà dé Èkó, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì ẹ̀ ní Marina, mo bi í léèrè gbangba pé ṣé káàdì yìí tó ohun tí èèyàn ń fi wá a. Qaanitah ò tàn mí. Ó ní, "Ganiat, tó bá jẹ́ owó ara mi ni, mi ò ní wá a. Báńkì ló ń sanwó, èmi ni wọ́n ń kà á fún. Ẹni tó bá ń fi ohun ìní ara ẹ̀ lé e kiri, ó ń ṣe ara ẹ̀ ni." Ìmọ̀ràn gidi ni. Ẹ wá wo ohun tí orí burúkú mi mú nínú ẹ̀: mo ní áà, àṣé kí èèyàn wá ẹni tó máa sanwó ni, kí wọ́n máa kà á fún òun. Èmi náà sì ní wọn. Gbogbo ìyá àti bàbá tó ń kó ara wọn lé mi lọ́wọ́ láti lọ sí Mẹ́kà, orúkọ mi ni mo lè fi gba yàrá wọn.

Ìdúnta yẹn náà ni dókítà pe Mọ̀núrù sí kọ̀rọ̀, ó ní ojú ìyá ẹ̀ ń lọ, oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lọ ò ní padà. Mọ̀núrù bi Ìyá pé kí ni wọ́n fẹ́ fojú rí kó tó ṣú. Ìyá ní Káábà. Wọn ò dárúkọ nǹkan kejì mọ́ ọn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ ọmọ ló máa ń gba owó náà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ tèmi náà sì wà níbẹ̀. Mọ̀núrù ta mọ́tò ẹ̀, ó wá bá mi. Mo fọwọ́ sọ àyà fún un. Mo ní òtẹ́ẹ̀lì tí Ìyá máa dé sí, tí wọ́n bá ti jáde, àgbàlá Mọ́sálásí Hárámù nìyẹn. Orúnkún wọn á gbé wọn débẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo Káábà títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Mọ̀núrù, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ rí i, ó ń mi orí.

Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ṣèlérí ẹ̀ yẹn, kì í ṣe ti àwọn oníkáàdì, àwọn olótẹ́ẹ̀lì tó ń fúnni ní káàdì yẹn. Àwọn oníkáàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tuntun kan sí ẹ̀yìn òkè, lọ́nà jíjìn, wọ́n sì ní ẹni tó bá kó èrò wá síbẹ̀ ní Disẹ́ńbà, àwọn á ka òru kan ní méjì fún un. Èrò ìdúnta yẹn nìkan á gbé mi dé káàdì dúdú. Tawfiq, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bá mi gba yàrá ní Mẹ́kà, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Alhaja, àwọn tí orúnkún ń dùn wà nínú èrò yín. Ibẹ̀ jìnnà, bọ́ọ̀sì ò sì ń dé ẹnu mọ́sálásí." Mo ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ó ní kí wá ni òun máa sọ fún wọn tí wọ́n bá dé. Mo ní kó sọ pé gbogbo ti ìtòsí ti kún. Ó ní ó dáa. Ẹ má rò pé mo jẹ èrè kankan níbẹ̀ o. Iye owó òtẹ́ẹ̀lì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ara mi máa rí mi lára. Ká ní owó ni mo jí, ẹ̀ bá mọ ohun tí mò ń wá. Nítorí kí ọmọ òtẹ́ẹ̀lì kan lè kí mi kú àbọ̀ ni.

Ìyá ò ráhùn nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n ní ti Ọlọ́run ni, bí ìtòsí bá ti kún, ó ti kún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gba kẹ̀kẹ́ arọ fún wọn, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ sì tì wọ́n yípo látòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́sálásí, nínú èrò. Ìyá jókòó sínú kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn dúró yí wọn ká. Ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n rí títí Úmúrà fi parí. Úmúrà wọn pé, kò lábùkù, àmọ́ wọn ò rí Káábà. Wọ́n ní kò burú, àwọn á fẹsẹ̀ ara àwọn padà wá, àwọn á jókòó. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀ níbi tó máa ń já èèyàn sí, wọ́n rìn títí, orúnkún kọ̀, wọ́n padà. Nígbà tí wọ́n tún lọ, Hàlímọ̀, ọ̀kan nínú èrò wa, di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n dé nígbà tí inú mọ́sálásí ti kún, àwọn ọlọ́pàá sì ti dí ọ̀nà, orí títì ni wọ́n ti kírun. Orúnkún wú lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní n ó tún gba kẹ̀kẹ́. Mi ò gbà á. Wọ́n ń pè mí níhìn-ín, wọ́n ń pè mí lọ́hùn-ún, mo ní bó bá dọ̀la. Ìyá wá ń kírun nínú yàrá, níwájú fèrèsé tó jẹ́ pé àpáta ló kọjú sí.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká padà sílé, wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù mi pé mo ti di oníkáàdì dúdú. Àwọn oníkáàdì yìí ní òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, èyí tó kọjú sí Hárámù gangan, wọ́n ní kí n wá lo ọjọ́ tó kù níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi àti ẹnì kan. Mo lọ. Wọ́n kí mi kú àbọ̀ dáadáa. Nínú yàrá, fèrèsé gba gbogbo ògiri. Mo fa kọ́tìnnì, Káábà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ kedere, ní ọ̀sán gangan, àwọn èèyàn ń yí i po. Ibùsùn méjì ló wà nínú yàrá náà. Mo gbé fóònù láti pe Hàlímọ̀ pé kó fi takisí gbé Ìyá wá. Mo wá rò ó pé tí Ìyá bá dé ibí, wọ́n á ní ṣebí ìtòsí ti kún. Hàlímọ̀ á gbọ́, èrò á gbọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó á gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo jẹ èso tí wọ́n gbé wá. Mo fi ìyókù ojú ìyá tó tọ́ mi pa orúkọ mi mọ́.

Ẹ ní sùúrù, mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Ojú náà ṣú pátápátá nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà rí i pé Ìyá ò lọ sí àsàlátù mọ́, àmọ́ ẹ rò pé nítorí ojú ni. Ìyá ti gbà pé Ọlọ́run pe àwọn dé ìlú Ẹ̀ tán, Ó wá ní kí àwọn má wo ilé Òun. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ní láti wà lọ́rùn àwọn. Ni wọ́n bá ń ní kí wọ́n fa àwọn lọ́wọ́ káàkiri, wọ́n ń tọrọ àforíjì. Wọ́n lọ sí Pópó Àgùdà, wọ́n kúnlẹ̀ fún obìnrin kan tí wọ́n bá jà nítorí omi ẹ̀rọ nígbà tí mi ò tíì relé ọkọ. Obìnrin yẹn ò rántí ìjà kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bá mi ní Igbosere. Wọ́n ní, "Ganiat, mo nà ẹ́ lọ́jọ́ kan pé o jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Mo padà mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Bóyá torí ẹ ni Ọlọ́run ṣe lé mi. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Mo wo ojú tí kò rí mi yẹn. Ẹnu mi yìí náà ló sọ pé, "Mo ti dárí jì yín, Ìyá." Wọ́n ní àmín, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Mọ̀núrù ní òun á tún wá owó, káwọn tún lọ. Ìyá kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fipá wọ ilé ẹni tí ò fẹ́ àwọn. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́, mo ń jẹ irẹsì mi lọ. Lánàá ni àwọn oníkáàdì kọ̀wé sí mi pé òru mi ò pé lọ́dún yìí, káàdì dúdú fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àfi tí mo bá tètè kó èrò wá. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tí mo lè kó. Inú ìrònú yẹn ni mo wà tí Ìyá fi pè mí. Wọ́n ní, "Ganiat, ìwọ tó o rí i, júwe ẹ̀ fún mi. Báwo ni Káábà ṣe rí?" Mo ní ó dúdú, wọ́n fi òwú wúrà kọ nǹkan sí i lára, mo ní téèyàn bá ń wò ó látòkè, àwọn tó ń yí i po á kéré. Ìyá gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Òkè wo? Níbo lo dúró sí?" Mo ní wọ́n ń pè mí lójúde. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níbí, tí ẹ bá ń wá ohun tí wọ́n á fi máa pè yín ní ẹni ńlá níbi tí wọn ò ti mọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, ta ló ń sanwó ẹ̀. Èmi ò wò ó. Mo ti jẹ́ kí káàdì náà lọ, ìyẹn ò sì tún ojú ẹnikẹ́ni ṣe. Mọ̀núrù, bóo bá fẹ́ gbá mi létí, etí mi rèé, àmọ́ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú Ìyá.

Ìyá mi. Ọlọ́run ò lé yín. Ìtòsí ò kún. Èmi ni mo gbé yín sẹ́yìn òkè, èmi ni mo sì wà lójú fèrèsé, tí mò ń wo ohun tí ẹ wá wò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn yín. Ẹ dákun, ẹ padà sí àsàlátù, ẹ jẹ́ kí Mọ̀núrù gbé yín lọ. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ ó fọwọ́ kàn án. Àforíjì tí mo fún yín lọ́jọ́ yẹn, kò tọ́ sí mi láti fún yín, ẹ bá mi dá a padà. Èmi ni kí ẹ dárí jì, tó bá ṣe é ṣe. Tí kò bá ṣe é ṣe, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, Ìyá. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú díẹ̀, ẹ ó kan orí mi.