Oṣù Márùn-ún Tí Ẹ Kò Dá Ọmọ Yín Lóhùn

Ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀, bàbá àwọn ọmọ, bàtà oníbàtà kò ní sá lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà la ti ń bọ̀, èmi àti ọmọ yín, ọmọ tí ẹ kò dá lóhùn láti oṣù márùn-ún, tó ń kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀ tí ẹ ń wo ògiri.

Kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ ní ó ti lóyún. A yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí oyún, ẹ ní ó ti ṣẹ́ ẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ yọ ọ́ níléèwé, ẹ ní kó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ojú yín lè tó o. Ọwọ́ tèmi náà ò mọ́. Mo tú báàgì rẹ̀ bíi ti olè, mo rí irin tó fi ń fa irun àgbọ̀n rẹ̀ tu, mo dákẹ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálápá.

Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ jáde lónìí. Àìsàn ni. Dókítà ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin, tí díẹ̀ ẹ̀ máa ń wà lára obìnrin, tiẹ̀ ló pọ̀ jù, òun ló ń hu irùngbọ̀n sí i lára, òun ló da irorẹ́ bo ojú ẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹyin inú rẹ̀ gbó bó ṣe yẹ, tí nǹkan oṣù fi ń sá. Ó ní oògùn wà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ní in, wọ́n sì ń bímọ.

Dókítà wá bi í pé ta ló ti bá sọ̀rọ̀ irun náà. Ọmọ yín ní, “Oyún nìkan ni wọ́n ń bi mí.” Ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ má tíì dìde. Ó tún béèrè bóyá obìnrin mìíràn wà nínú ẹbí tó ń hu irùngbọ̀n, tí nǹkan oṣù ẹ̀ kì í dé déédéé. Ta lẹ rò pé mo dárúkọ? Àbúrò yín ni. Ẹni tí kò rí ọmọ bí, tí ẹ ní ìṣekúṣe ló ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́, tí ẹ kó ẹrù rẹ̀ síta nílé bàbá yín. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà, pé ó máa ń wà nínú ìdílé.

Ẹ ń sunkún? Ẹ máa sun ún tó bá yá. Ọmọ wà ní yàrá, ó dojú bo ìrọ̀rí. Ẹ wọlé lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ má rán mi. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àbúrò yín lọ síbi yòówù kó wà, bí kò bá tilẹ̀ ní ṣílẹ̀kùn fún yín.