Àwọn Tí Mo Gbin Iṣu Lé Lórí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró nísàlẹ̀ níbí sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Olùṣọ́-àgùntàn ní kí n gun orí pẹpẹ bí àwọn tí ó bá ríran ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé mi débẹ̀. Ìran tí mo rí kì í ṣe èyí tí ènìyàn fi ń yan.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sámúẹ́lì, akọ̀wé kánsù ìlú yìí. Ohun méjì ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́: itẹ́ òkú tí ó wà lójú ọ̀nà odò, àti oko kánsù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí a gé sí abala kéékèèké fún àwọn tí kò ní ilẹ̀ baba nílùú, kí wọ́n lè rí ibi gbin ẹ̀fọ́ àti iṣu. Ọgbà igi lápálápá ni ó pààlà láàárín àwọn òkú àti àwa tí ń roko.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ tí a gbà kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, nígbà tí àwọn ará ti lọ sinmi, mo tẹ́ ẹní sínú yàrá tí a ń kó aṣọ àwọn akọrin sí, mo dùbúlẹ̀. Àdúrà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ojú mi fi wúwo. Mo wá rí i pé mo dúró lójú ọ̀nà pupa kan tí kò ní igi, tí kò ní ẹyẹ, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Nígbà tí ó súnmọ́ mi, mo dá a mọ̀. Bàbá Jónà ni, ẹni tí ń gbẹ́ sàréè fún kánsù, tí ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ti tẹ̀ kí ó tó kú ti nà gbọnrangandan. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò béèrè ará ilé lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní kí n dìde, kí n máa tẹ̀lé òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọkàn mi fi já nígbà tí mo rí i. Ní igun ìsàlẹ̀ itẹ́ òkú wa, ibẹ̀ ni a ti ń sin àwọn àlejò tí ikú ká mọ́ ìlú yìí, àti àwọn ọmọ ọwọ́, àti àwọn tí ẹbí wọn kò lè ra sìmẹ́ńtì. Igi kúkúrú tí a kọ nọ́ḿbà sí ni a ń rì mọ́lẹ̀ níbi orí wọn. Nígbà tí ó yá, ikán jẹ púpọ̀ nínú àwọn igi náà. Ẹni tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilẹ̀ nígbà náà ń wá ilẹ̀ oko kún ilẹ̀ oko, ó wá sí igun náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ibẹ̀ títí, ó sì bi mí bóyá wọ́n sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ gbọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, “Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, sà.”

Bàbá Jónà dúró tì wá lọ́jọ́ náà. Ó dúró kí alága kúrò níbẹ̀ tán, ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, “Akọ̀wé, àwa méjèèjì la jọ sin wọ́n.” Ó kọ̀, kò fọwọ́ kan ọgbà lápálápá náà nígbà tí wọ́n ní kí ó tú u. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ máa gbálẹ̀ ọjà. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Katakata wá, ó tú ilẹ̀ yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alága fi abala kan ta mí lọ́rẹ, mo sì gbin iṣu síbẹ̀.

Ẹni tí ó wá mú mi lọ́nà nìyẹn.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé dàbí àgbàlá ńlá kan. Àwọn ènìyàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ń dúró kí a pe ẹjọ́ wọn, erùpẹ̀ sì kún ẹnu wọn. Wọ́n ń fi ìka wa á dànù, bí wọ́n ṣe ń wa á ni ó ń kún. Mo bi Bàbá Jónà pé àwọn wo nìyí.

Ó ní, “Òpùrọ́ ni wọ́n. Òtítọ́ kan ṣoṣo ni yóò mú erùpẹ̀ náà tán. Kò sí ẹni tí ó rántí èyí tí yóò sọ nínú wọn.”

A kọjá síbi tí ilé pọ̀ sí lọ bẹẹrẹbẹ. Tọkùnrin tobìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ìró àwo nínú ilé, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ. Bí ẹni tí ó wà níta bá ti pe orúkọ aya rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀, ohùn kan á dáhùn láti inú ilé pé àwọn kò mọ onítọ̀hún. Bàbá Jónà ní àwọn alágbèrè nìyẹn, pé ilé ara wọn ni wọ́n ń kàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a dé pápá kan tí kò ní òpin. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ru òkúta ààlà, ọrùn wọn ti wọlé sáàárín èjìká, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí, gbogbo ibi tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí ni ilẹ̀ ń sọ pé òun kọ́. Aninilára ni wọ́n. Ẹ̀yin ará, mo jẹ́wọ́: ojú alága yẹn ni mo ń wá láàárín wọn. Ó ń wù mí kí n rí i níbẹ̀, kí n lè sọ pé òun ló ṣe é.

Bàbá Jónà rí ohun tí mo ń ṣe. Ó ní, “Òun kọ́ ni mo mú ọ wá wò.”

Ó sọ ọkọ́ èjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, oko ni mo rí, ebè lọ títí débi tí ojú lè rí i mọ, ewé iṣu sì tutù minijọ lórí rẹ̀. Mo mọ oko náà. Oko mi ni. Ó ní kí n máa kọ ebè. Mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, ohùn kan sì ti abẹ́ rẹ̀ wá, pẹ̀lẹ́ bí ohùn ẹni tí a jí lójú oorun, ó ní, “Ta ni mí?” Mo fò lọ sí ebè kejì, ta ni mí, mo bọ́ sí ẹ̀kẹta, ohùn ọmọ ọwọ́ ni, ọmọ tí kò gbọ́n débi ọ̀rọ̀ kí ó tó kú, síbẹ̀ ó ń bi mí, mo ju ọkọ́ nù, ọkọ́ padà sí mi lọ́wọ́, mo sáré, ebè ń yọ níwájú mi, ebè ń yọ lẹ́yìn mi, gbogbo oko dìde ó ń bi mí, ta ni mí, ìwọ ni o kọ mí sílẹ̀, ta ni mí, mo la ẹnu kí n dáhùn, kò sí orúkọ kan tí mo rántí, erùpẹ̀ ni mo fi ahọ́n kàn.

Nígbà tí mo tún mọ ibi tí mo wà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá Jónà. Mo bi í pé ta ló ni ibẹ̀ yẹn.

Ó ní, “Kò tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìwọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè.”

Ó gbé mi dìde, ó mú mi gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan. Bí a ti kọjá ibẹ̀, atẹ́gùn fẹ́. Ẹ̀yin ará, n kò lè ròyìn ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ igi, wọ́n na ẹsẹ̀, àárẹ̀ ti tán lára wọn. Mo rí ìyá tí ń gbá ilé ìjọsìn yìí nígbà ayé rẹ̀, tí a kì í rántí kí; inú aṣọ funfun ni ó wà, àwọn ọmọ ọwọ́ sì yí i ká, ó ń sọ ìtàn fún wọn. Bàbá Jónà ní Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ ní òròòwúrọ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé àwọn ọmọ igun ìsàlẹ̀ wa ni àwọn ọmọ náà.

Ọkùnrin kan jókòó sétí omi. Akínlabí ni, ẹni tí ń gbẹ́ kànga. Àlejò ni nílùú wa. Kánsù ni ó pè é pé kí ó wá gbẹ́ kànga fún àwọn tí ń roko, ilẹ̀ ya lù ú nínú rẹ̀, a sì sin ín sí igun yẹn. Ní ọdún kejì tí katakata tú ilẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá, ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí ọkọ òun sùn sí. Ẹ̀yin mọ obìnrin náà. Ìyá Ìdòwú ni.

N kò lè sọ fún un pé orí ebè ni ọkọ rẹ̀ wà. Mo mú un lọ síbi sàréè àtijọ́ kan lẹ́bàá ògiri, sàréè tí n kò mọ ẹni tí ó ni ín, mo ní, “Òun nìyí, ìyá.” Ó kúnlẹ̀. Ó ròyìn ilé fún un, pé Ìdòwú ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, pé ẹ̀gbọ́n Akínlabí ti kú. Ó pọn omi, ó fi fọ òkúta orí sàréè náà. Lẹ́yìn náà ni ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbàdúrà fún mi pé ojú kò ní tì mí láéláé. Mo ṣe àmín.

Nítorí sàréè yẹn ni ó ṣe kó wá sí ìlú yìí. Nítorí rẹ̀ ni ó ṣe di ọmọ ìjọ wa. Nígbà tí iṣu mi ta, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbé mẹ́ta fún un. Ó wá dúpẹ́ ní ọjọ́ kejì, ó ní iṣu náà dùn.

Bí Akínlabí bá bú mi níbẹ̀, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó yí ojú sí mi, ó dá mi mọ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ìyàwó mi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún méje tí mo ti ń gbọ́ ọ lókèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀.”

Ó bẹ̀ mí. Èmi ni ó ń bẹ̀. N kò rí ibi gbé ojú sí. Mo sọ fún Bàbá Jónà pé kí ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀, kódà kí n máa gbálẹ̀. Ó ní ọ̀nà kò tíì ṣí fún mi, kí n padà. Ó fi ọwọ́ tì mí láyà, mo sì jí.

Oòrùn ṣì wà lókè. Mò ń gbọ́ àwọn akọrin tí ń kọ́ orin. N kò padà sílé. Ilé Ìyá Ìdòwú ni mo gbà lọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó ṣa ẹ̀wà náà títí ó fi tán nínú àwo. Ó wá ní, “Ta wá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?”

Mo ní n kò mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ wá ìwé orúkọ àtijọ́ jáde ní kánsù. Akínlabí wà ní ìlà kẹta láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èmi àti Ìyá Ìdòwú fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibi ògiri náà lọ, ó sì bọ́ sí àárín iṣu mi gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣu tu. Ó ní kí n má fi ọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ níbẹ̀, kí n máa lọ. Nígbà tí mo dé ojú ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ebè. Obìnrin tí ó ti fi ọdún méje bá òkúta olókùúta sọ̀rọ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọkọ rẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé kí n má tú u síta. Bóyá wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n gbà á.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó ní oko ní ìsàlẹ̀ yẹn wà láàárín yín. Èmi ni mo pín in fún yín, mo sì mọ̀ yín. Ẹ̀yin kò mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n láti òní lọ ẹ ti mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìdòwú ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ó gbà pé kí n sọ ọ́. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má ké halelúyà sí ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ fi irọ́ tù nínú, tí ó sì ń gbàdúrà fún yín nítorí irọ́ náà, ẹ dìde láti orí ìjókòó yín nísinsìnyí, ẹ lọ bá a. Ẹ má jẹ́ kí ó di ohun tí òkú yóò máa bẹ̀ yín fún.